Idà Ilé, Ìbọn Òkèèrè: Ìtàn Rírà Ohun Ìjà ní Agbègbè Ẹdẹ àti ní Ilẹ̀ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Àwọn olùkọ́ a máa fi òwe yìí kọ́ ọmọ pé kí ó ní sùúrù títí agbára rẹ̀ yóò fi tó ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn fara sin sínú òwe yìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fò dá. Ta ni ó rọ idà tí à ń wí? Lọ́wọ́ ta ni a ti rà á? Bí ó bá sì ṣe pé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó pa baba náà ni ọmọ yóò gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta idà, kí ni yóò ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó dojú kọ àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ogun tí wọ́n jà pọ̀, àwọn òpìtàn sì ti sọ púpọ̀ nípa àwọn akọni tí ó jà á. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ọjà tí ó wà lẹ́yìn ogun: ibi tí ohun ìjà ti ń wá, ohun tí a fi ń rà á, àti ẹni tí ó di ọ̀nà rẹ̀ mú. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, yóò hàn pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ra ohun ìjà, ọ̀tọ̀ ni kí ohun ìjà náà jẹ́ tirẹ̀.

ỌFÀ ÀTI IDÀ TÍ A RỌ NÍLÉ

Ara jẹ́ ìlú kan tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, ní abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tí ó bá dúró ní Ara, àárín àwọn ìlú tí ìtàn ogun kò lè yọ sílẹ̀ ni ó wà: Ẹdẹ, Òṣogbo, Èjìgbò àti Ìwó kò jìnnà sí i, Ìkìrun sì wà lókè. Orúkọ ohun ìjà gan-an ni a fi mọ ẹni tí ó tẹ Ẹdẹ dó. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni ìtàn pè é, nítorí pé ọfà tí ń gbiná ni wọ́n ní ó ń ta. Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ó rán an wá sí ibẹ̀ láti máa ṣọ́ ẹnu ibodè nítorí àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ìjà tí ó wáyé láàárín òun àti Gbọ́nkáà wà lára ìtàn tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde nínú eré *Ọba Kò So* ní ọdún 1963, nítorí náà kò ṣàjèjì sí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ tiwa nínú ìtàn náà ni irú ohun ìjà tí Tìmì lò. Igi inú igbó ni a fi ń ṣe ọrun. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò ni ó ń rọ irin ẹnu ọfà. Oró tí a ń fi ra ọfà, ewé àti egbò tí ọdẹ mọ̀ ni. Ojú tafàtafà ni ó ń wọn ibi tí ọfà yóò bà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ń rán an níṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí àlejò lè fi du Tìmì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni idà rí. Kì í ṣe irin tí a rà láti òkè òkun ni àwọn baba ńlá kọ́kọ́ fi rọ idà. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa òkúta irin, wọ́n a sì yọ irin lára rẹ̀ nínú iléru alámọ̀. Ìsundunrin, tí ó wà lágbègbè Èjìgbò, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ẹni tí ń wa òkúta, ẹni tí ń sun èédú, ẹni tí ń ṣọ́ iná iléru, lẹ́yìn náà alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú ẹwìrì, ẹ̀mú, òòlù àti owú. Ojúbọ Ògún a sì wà níbi iṣẹ́, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é mọ̀ pé ohun tí ń jáde lábẹ́ owú lè tú oko, ó sì lè tú ìlú.

Oríṣiríṣi ni idà tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Idà gígùn olójú méjì wà. Àgádá wà, tí kò gùn tó o. Àgédéǹgbé wà, tí ó gùn, tí ó sì wúwo, tí a fi ń jà nígbà tí ojú bá ti ko ojú. Idà kò sì mọ sí ojú ogun nìkan. Nígbà tí a bá fi Aláàfin tuntun jẹ, wọn a máa fi Idà Ọ̀rányàn lé e lọ́wọ́. Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó kọ parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, pé Ilé-Ifẹ̀ ni idà yìí ti ń gba àṣẹ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ nípa bí àwọn àgbà ti rí ohun ìjà: ọba pàápàá kò lè dá fún ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti pa ènìyàn, ẹlòmíràn ni ó ń fi lé e lọ́wọ́.

Síbẹ̀, a kò lè sọ pé ohun gbogbo ni Ọ̀yọ́ ń ṣe fún ara rẹ̀. Ẹṣin ni ó sọ Ọ̀yọ́ di ìjọba ńlá, ẹṣin kò sì rọrùn láti bí sí ilẹ̀ tí eṣinṣin apẹran pọ̀ sí. Láti òkè Ọya, láti ọ̀dọ̀ Tápà àti Haúsá, ni wọ́n ti ń rà á. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí egungun ẹṣin ní Ẹdẹ-Ilé, ibi tí Ẹdẹ kọ́kọ́ wà. Nígbà tí ìjọba Fúlàní dìde ní òkè, tí Ìlọrin sì bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀nà ẹṣin bọ́ sí. Agbára tí a ń rà láti òkèèrè kọ́kọ́ tàn ní ilẹ̀ Yorùbá kí ìbọn tó gbòde. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ìbá ti rí i kọ́gbọ́n.

ÀGÉDÉǸGBÉ PÀDÉ ÌBỌN

Ní àwọn ọdún 1820, lẹ́yìn ìjà tí ó ti ọjà Apòmù bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti ìlú Òwu. Akọni ni àwọn Òwu. Johnson kọ ọ́ pé àgédéǹgbé ni ohun ìjà wọn, tí wọ́n fi ń jà ní ìfojúkojú. Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn súnmọ́ etí òkun, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Kí alágédéǹgbé tó rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá rẹ̀, ọta ti bà á. Òwu fọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀ dó fún ọdún púpọ̀.

Kì í ṣe pé ìbọn ọjọ́ náà dára púpọ̀. Ṣakabùlà ni. Ẹnu rẹ̀ ni a ó ti da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó sọ ọta sí i, akọ òkúta ni yóò sì ṣáná sí ẹ̀tù. Bí òjò bá rọ̀, ó di igi lásán. Inú irin rẹ̀ ń dán, nítorí náà ọta a máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n jáde, kò sì dájú pé ibi tí a na ìbọn sí ni yóò lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun kì í tilẹ̀ gbé e sójú kí wọ́n tó yìn ín. Ohun tí ó mú kí ó lágbára ni ariwo, èéfín àti iye ènìyàn tí ó ń yìn ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tìmì pẹ̀lú ọfà rẹ̀ lè fojú sun ènìyàn kan láàárín ọ̀pọ̀. Oníṣakabùlà kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí tafàtafà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọdún mélòó kan ni yóò fi kọ́ ọ. A lè kọ́ ọmọ ogun ní ìbọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn olórí ogun fi yan ìbọn.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1840, ogun dé etí Ẹdẹ àti Ara gan-an. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo pẹ̀lú ẹṣin wọn. Ìbàdàn rán Balógun Odérìnlọ́ láti gba ìlú náà sílẹ̀. Nínú igbó tí ẹṣin kò ti lè sáré bó ti fẹ́, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ Ìbàdàn, tí ìbọn ti ń pọ̀ sí i láàárín wọn, ṣẹ́gun Ìlọrin. Láti ọjọ́ náà ni Ìlọrin kò ti lè sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù bí ó ti ń fẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà náà ni Ẹdẹ, Òṣogbo àti àwọn ìlú agbègbè wọn ti bọ́ sábẹ́ òjìji Ìbàdàn, tí ajẹ́lẹ̀ sì ń wá láti ibẹ̀.

OHUN TÍ A FI Ń RA ÌBỌN

Ìbọn kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni Ìbàdàn ní tí olówò etí òkun ń fẹ́? Ẹrú ni, lẹ́yìn náà epo àti èkùrọ́. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Bí ọmọ ogun rẹ̀ bá ti pọ̀ tó, ni iyì rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó nínú ìlú. Nítorí náà ó lọ sógun láti kó ènìyàn, ó ta nínú àwọn ènìyàn náà láti fi ra ìbọn, ó sì fi ìbọn náà lọ sógun mìíràn láti tún kó ènìyàn sí i. Àwọn tí kò tà, ó kó wọn sí oko tàbí kí ó fi wọ́n ru epo lọ sí ọjà. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851 tí wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861, títa ẹrú sí òkè òkun kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kíkó ẹrú fún iṣẹ́ epo kò tán.

Yorùbá ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Kò sí òwe tí ó ṣe àpèjúwe òwò yìí dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni a ti ń kó owó ìbọn, aládùúgbò náà ni a sì ń yin ìbọn lù. Ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan tí ó jó ní Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Èkìtì, ọmọ Yorùbá kan ni ó ti sọ nù láti fi san án. Ẹni tí èrè náà bọ́ sí lọ́wọ́ kò sí ní ojú ogun: oníṣòwò òyìnbó ni ní etí òkun, àti àwọn ìlú tí ó wà láàárín òkun àti òkè, tí wọ́n ń gba owó ibodè.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀nà. Ìbàdàn kò ní etí òkun. Ọ̀nà kan gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀kan gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí àwọn méjèèjì bá ti ọ̀nà, akọni Ìbàdàn tí ó ṣẹ́gun Ìlọrin yóò di ẹni tí ń tọrọ ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wọn kì í ṣe ìwà ìkà lásán, nítorí pé wọ́n mọ ibi tí Ìbàdàn yóò kọ ìbọn sí bí ó bá rà á tó bí ó ti fẹ́.

ỌDÚN 1877 ÀTI OGUN KÍRÌJÍ

Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòóṣà ti Ìbàdàn wá ọ̀nà mìíràn. Ó rán ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, láti ra ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá ka èyí sí pé Ìbàdàn fẹ́ fò wọ́n dá. Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà, wọ́n sì ti ọ̀nà. Kò pẹ́ tí Ìjẹ̀bú náà fi ti tirẹ̀. Bí ogun tí ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: láti orí ẹrù ẹ̀tù tí a lọ rà.

Ní 1878, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ni ó ṣáájú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀ lẹ́bàá Ìkìrun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sínú odò Ọ̀tìn bí wọ́n ti ń sá. Jálumi ni a ń pe ogun náà títí di òní. Ọ̀nà tí ọmọ ogun Ìbàdàn ń gbà lọ sí òkè gba agbègbè Ẹdẹ àti Òṣogbo. Àwọn ìlú bí Ẹdẹ àti Ara kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ogun wà. Bí ọ̀nà ẹ̀tù bá là, àwọn ni ẹrù ń bá ojúde wọn kọjá. Bí ó bá dí, ọ̀dọ̀ wọn ni ebi àti ìbẹ̀rù kọ́kọ́ ń dé.

Ìbàdàn rò pé Jálumi ti parí ọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti lọ sí oko ẹrú tí wọ́n sì padà láti Sàró àti Bràsíl, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dá owó jọ. Wọ́n ra irú ìbọn tuntun tí a ń pè ní Snider, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé gba ọ̀nà Oǹdó tí ó là sí ìhà ìlà-oòrùn, tí kò kan Ẹ̀gbá tàbí Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ni ó wá di olórí ogun wọn.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí Snider jẹ́. Ìdí ni a ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ọta rẹ̀ gbé ẹ̀tù tirẹ̀ dání, nítorí náà òjò kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Inú irin rẹ̀ ní ilà lílọ́ tí ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bí ó ti ń jáde, ìdí sì nìyí tí ó fi ń lọ tààrà sí ibi tí a fojú sun. Lórí rẹ̀ ni irin kékeré kan wà tí a lè gbé sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀, tí ayìnbọn yóò wò kọjá láti wọn bí ọ̀tá ti jìnnà tó. Lẹ́yìn Tìmì, ìgbà yìí ni ojú tún padà sídìí ohun ìjà, ṣùgbọ́n ojú tí a rà ni. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1866, láti 1871 ni wọ́n sì ti ń fi òmíràn tí ó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá di àrà tuntun ní Kírìjí.

Ìpalára rẹ̀ pọ̀ fún Ìbàdàn. Àwọn tí ó ti máa ń fi iye ènìyàn àti ìgboyà borí rí i pé ọta ń bá wọn láti ibi tí ṣakabùlà tiwọn kò lè dé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni àwọn náà tó rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà, pẹ̀lú owó gọbọi. Nígbà tí ó yá, apá kan kò lè lé èkejì. Látòóṣà kú sí bùdó ní 1885. Ní 1886, àwọn Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips gbé ìwé àdéhùn àlàáfíà láàárín wọn, ṣùgbọ́n bùdó kò tú tán títí di 1893. Ọdún 16 ni.

IDÀ JAPAN ÀTI ỌDÚN 1877 KAN NÁÀ

Ìbéèrè kan kò ní í ṣàìdìde nínú kíláàsì: kí ní dé tí àwọn alágbẹ̀dẹ Yorùbá, tí wọ́n lè yọ irin láti inú òkúta, kò rọ ìbọn tiwọn? Wọ́n ń tún ìbọn ṣe, wọ́n sì ń rọ ọta. Kí ló kù? Kí a má baà yára dá wọn lẹ́bi, ó dára kí a wo ilẹ̀ mìíràn tí idà rẹ̀ lókìkí ju ti gbogbo ayé lọ.

Ní Japan, inú iyanrìn irin ni wọ́n ti ń yọ irin idà, nínú iléru alámọ̀ tí ó jọ ti àwọn baba wa ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ a máa ká irin náà lórí ara rẹ̀, a máa lù ú, títí yóò fi mọ́, tí yóò sì le. Ní 1543, àwọn Potogí gúnlẹ̀ sí erékùṣù Tanegashima pẹ̀lú ìbọn. Olórí ibẹ̀ ra méjì. Kò dúró síbẹ̀, ó fi wọ́n fún alágbẹ̀dẹ idà rẹ̀ pé kí ó ṣe irú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ará Japan ń rọ ìbọn fún ara wọn. Nígbà tí ó di ogun Nagashino ní 1575, ìbọn tí a rọ nílé ni ó pa àwọn ẹlẹ́ṣin. Ní 1588, Toyotomi Hideyoshi pàṣẹ pé kí a gba idà àti ìbọn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ohun ìjà sì di ti ẹgbẹ́ jagunjagun nìkan.

Ṣé ọgbọ́n Japan ni ó ju ti Yorùbá lọ? Àkókò ni ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù. Ìbọn 1543 jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ọwọ́ ṣe, ọwọ́ lè wò ó ṣe. Snider jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ; ẹ̀rọ ni ó gbẹ́ ilà inú rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ṣe ọta rẹ̀. Kò sí alágbẹ̀dẹ, ìbáà ṣe ti Èjìgbò tàbí ti Japan, tí ó lè fi òòlù nìkan ṣe é. Nígbà tí Japan náà ṣí ọ̀nà rẹ̀ fún àwọn òyìnbó lẹ́yìn 1853, ó ní láti ra ìbọn lọ́wọ́ wọn, Snider sì wà lára ohun tí ó rà.

Èyí mú wa dé ibi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé. Ní 1876, ìjọba Japan ṣòfin pé kí àwọn jagunjagun má ṣe gbé idà kiri mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1877, ó rán ọkọ̀ ojú omi lọ kó ohun ìjà àti ọta kúrò ní ilé ìṣura ogun Kagoshima, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí inú ń bí. Èyí dá ogun Satsuma sílẹ̀, lábẹ́ Saigo Takamori. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìjọba ni ó ní òkun àti ilé iṣẹ́. Ọta tán lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ní Shiroyama, idà ni àwọn tí ó kù fi jà, wọ́n sì ṣègbé. Ní ọdún kan náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ọta: ní Kagoshima àti ní ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé ní Japan, ẹni tí ó borí ni ẹni tí ó kọ́ ilé iṣẹ́ sí ilé ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, apá méjèèjì ni ó ń rà, nítorí náà ẹni tí ó borí kò sí lára wọn.

NÍGBÀ TÍ ẸNI TÍ Ń TÀ SỌ PÉ Ó TÓ

Ní oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels. Wọ́n ní torí òwò ẹrú ni. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fòfin de títa ìbọn tuntun ní apá ibi tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù. Irú ìbọn tí wọ́n gbà pé a lè tà fún aráàlú ni èyí tí akọ òkúta ń ṣáná sí, tí inú rẹ̀ kò ní ilà lílọ́. Lédè kan, wọ́n fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún Áfíríkà, wọ́n sì mú ìbọn tí a lè fojú sun padà. Òtítọ́ ni pé ìbọn ti ba ayé jẹ́ láàárín wa. Òtítọ́ náà ni pé àwọn tí ó ṣòfin yìí ń pín ilẹ̀ wa láàárín ara wọn ní ọdún kan náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti ń ta ìbọn fún àwọn ará òkè láti ìgbà pípẹ́, pàdé ìbọn Maxim, tí ó lè yọ ọta bí 600 ní ìṣẹ́jú kan. Onibodè ìbọn ṣubú láti ọwọ́ ẹni tí ń ṣe ìbọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1893, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì láìyìnbọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, irin òyìnbó tí kò wọ́n bá a wá. Díẹ̀díẹ̀, iná iléru kú. Alágbẹ̀dẹ kò kú, ṣùgbọ́n irin tí ó ń lù di irin tí a rà.

OHUN TÍ ÌTÀN YÌÍ KỌ́ NI

Lónìí, òfin ìbọn tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 1959 ṣì ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbọn mìíràn, ó sì ka ìbọn ogun sí èèwọ̀ fún aráàlú. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ ohun ìjà sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964. Ní Japan, òfin 1958 ní kí a forúkọ gbogbo idà àtijọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó ní ìwé àṣẹ sì ṣì ń rọ ọ́ ní ọ̀nà àwọn baba wọn. Idà náà kò pa ènìyàn mọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò kú. Ní ti ìbọn, ìmọ́lẹ̀ léésà, tí a ṣàwárí ní 1960, ni àwọn kan ń so mọ́ ọn báyìí láti fojú sun ibi tí ọta yóò bà. Ẹni tí ó bá ní owó lè ra méjèèjì ní ìlú tí òfin bá ti gbà á láàyè.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fi ibi tí ọta yóò lọ hàn kò lè fi ibi tí ọta ti wá hàn. Ohun tí Látòóṣà kò rí nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ akọni. Ohun mẹ́ta ni ó ń mú kí ohun ìjà jẹ́ tẹni: kí a mọ bí a ti ń ṣe é, kí ọ̀nà rẹ̀ má wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹni tí yóò lò ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó ju ara rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí Aláàfin ti ń gba Idà Ọ̀rányàn. Ìbàdàn, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtìparapọ̀ kò ní ẹ̀kíní. Olúkúlùkù wọn ń du èkejì mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ìdíje náà ni wọ́n ti gbàgbé ẹ̀kẹta, tí ó jẹ́ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fún ìjíròrò nínú kíláàsì, ó dára kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí:

1. Ṣé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú jàre bí wọ́n ti ti ọ̀nà ẹ̀tù mọ́ Ìbàdàn ní 1877?

2. Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ fi ìbọn òkèèrè gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ èyí yàtọ̀ sí bí Ìbàdàn ti lo ìbọn tirẹ̀?

3. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá alágbẹ̀dẹ àgbà kan ní ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe Ara, Ẹdẹ tàbí ibòmíràn. Kí ó bèèrè ibi tí irin tí ó ń lù ti wá, àti ibi tí ti baba baba rẹ̀ ti wá. Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àgbà náà tó lọ.